Awẹ́ Obì Ìsàlẹ̀ Àpò

Kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó fi ọkọ mi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe é. Èmi Àwẹ̀ró, ìyá àgbà tí ẹ ń wò yìí, tí eyín kù sí lẹ́nu bí òpó ilé tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ, èmi ni mo fi aṣáà ṣáájú ẹ̀mí ọmọ-ọmọ mi. Ọmọ tuntun ń tán lọ nínú yàrá, ọkọ mi gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń lọ sínú igbó iwin láti wá ohun tí yóò gbà á là, èmi sì sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ọmú ń gbá mi láyà pàá, pàá, mo ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, wọ́n ní aṣáà àwọn iwin a máa mú ènìyàn sín títí yóò fi rí àwọn baba ńlá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú díẹ̀ bọ̀."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá rẹ́rìn-ín, èmi yóò rín in fún yín.

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó lọ tọ̀ ọ́ dànù báyìí, nítorí bí a bá ti wọ inú igbó yìí, n kò ní dúró lójú ọ̀nà nítorí ẹnì kan.

Ọdẹ́rìnlọ lorúkọ ọkọ mi, ọdẹ ìlú Ayéròmí ni. Bí ẹmu bá ti dé orí rẹ̀ a máa wí pé, "Èmi Ọdẹ́rìnlọ tí mo fa ẹkùn ní irùngbọ̀n, tí ẹkùn ní, baba, ó tó!" Irọ́ ni o. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ológbò Ìyá Ọlọ́tí ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe irọ́, nítorí kò sí ibi tí ó ti gbọ́n nínú rẹ̀, kò sì sí ọkùnrin tí í parọ́ kí ó fi sọ ara rẹ̀ di òmùgọ̀.

Ọdẹ́bùnmi ọmọ wa ló bímọ. Ọmọ náà jáde, ó la ojú, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò ké. A gbá a ní ìdí, kò ké. A da omi tútù sí i láyà, ó kàn wò wá bí ẹni pé àwa ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Èyí tó burú jù ni pé kò mu ọmú. Ìyá agbẹ̀bí fi etí lé e láyà.

"Igbe rẹ̀ ti já bọ́ lọ́nà," ó ní. "Ó ń sáré wá sáyé, igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí kò bá sì ké, ọ̀fun rẹ̀ kò ní là fún ọmú. Ọ̀dọ̀ Ìyá Olùṣọ́-Igbe, ní ìkángun Igbó Ìdààmú, ni gbogbo igbe tó bá sọnù ń lọ. Kí ẹnì kan lọ gbà á bọ̀ kí ọjọ́ ìkómọ tó kò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́..." Ó mú awẹ́ obì kan, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó tẹ ìka kékeré náà mọ́ ọn, ó sì gbé e lé Ọdẹ́rìnlọ lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń rán ọdẹ níṣẹ́ ní Ayéròmí nìyẹn. Awẹ́ obì kan, iṣẹ́ kan. Bí ọdẹ bá jẹ́ iṣẹ́ rẹ tán ni yóò tó jẹ obì rẹ. Kò gbọdọ̀ kọ obì, nítorí ta ni í kọ obì? Ìgbà tí ìlú sì gbọ́ pé Ọdẹ́rìnlọ ń lọ sí Igbó Ìdààmú, gbogbo wọn ló rántí ohun tí wọ́n ti ń fẹ́ rán ènìyàn lọ ṣe níbẹ̀. Baálẹ̀ Látúnjí gbé awẹ́ obì tirẹ̀ wá: "Bá mi gé ọ̀pá ìtilẹ̀ kan bọ̀ nínú igi ibẹ̀ tí kì í ṣẹ́. Ọ̀pá ẹ̀yẹ ni o, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí." Olúọ́dẹ gbé tirẹ̀ wá: "Bá mi bi àwọn iwin bóyá erin tí mo yìnbọn fún nígbà èwe mi kú tàbí kò kú." Ìyá Ọlọ́tí fẹ́ mọ ohun tí ń mú kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ òun máa kan jù. Èmi gbé ti aṣáà wá. Àwọn kan tilẹ̀ wá tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a jọ ń gbé ìlú.

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyí o. Ní Ayéròmí, ọjọ́ orí ló ń to ohun gbogbo. Àgbà ló ń kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ wẹ̀ lódò, bí oorun bá ń kun gbogbo agbo pàápàá, a ó dúró kí àgbà kọ́kọ́ yán. Nítorí náà, Ọdẹ́rìnlọ tú àpò rẹ̀, ó sì to àwọn awẹ́ obì náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bí olúkúlùkù. Ti Baálẹ̀ lókè pátápátá. Ti Olúọ́dẹ tẹ̀ lé e. Tèmi kò jìnnà sí òkè, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ta ló kéré jù ní gbogbo Ayéròmí? Ọmọ tí kò tíì ní orúkọ. Bí obì rẹ̀ ṣe wọ ìsàlẹ̀ àpò nìyẹn, gbogbo ìlú sì jókòó lé e lórí.

Ẹ má bi mí bí Ọdẹ́rìnlọ ṣe dé Igbó Ìdààmú. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Bí ó ti wọ abẹ́ igi àkọ́kọ́ báyìí, ó pàdé iwin kan tí ó jókòó sórí kùkùté, tí ọwọ́ yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀ka ti ń yọ lára ìrókò. Ọlọ́wọ́-Yanturu lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ kan ń gún iyán, ọ̀kan ń hun ẹní, ọ̀kan ń ran òwú, ọ̀kan ń lọ́ okùn, ọ̀kan kò ṣe ju kí ó máa lé eṣinṣin lọ, eṣinṣin kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, a sì lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè. Iṣu sísun kan sì wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù.

"Ta nìyẹn?" iwin náà bi í, kò gbé ojú sókè.

"Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni, tí mo fa ẹkùn ní irùngbọ̀n, tí ẹkùn ní..."

"Ó dára. Bá mi di okùn yìí mú."

Ó dì í mú. Iwin tún ní kí ó bá òun di ọmọ odó mú, ó dì í mú. Kò pẹ́, ọkọ mi ti ń ṣe ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń làágùn, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí yóò fi wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ti ń gún òwú nínú odó, ó sì ti fi iyán hun ẹní. Kò mọ èyí tí òun kọ́kọ́ mú àti èyí tí ó kàn. Kò rántí ohun tí ó mú òun kúrò nílé.

Iwin náà mí kanlẹ̀. "Ọdẹ, já àlọ́ kan fún mi. Ọwọ́ mi pọ̀, kò sí èyí tó dilẹ̀ nínú wọn, ebi sì fẹ́ pa mí kú. Kí ló ń ṣe mí?"

Ọdẹ́rìnlọ ronú títí iwájú orí rẹ̀ fi ká jọ. "Baba," ó ní, "ó jọ pé ọwọ́ yín kò tíì tó."

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn!" Iwin náà bú sẹ́kún. Lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ tuntun yọ ní ìhà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn sì nà sí Ọdẹ́rìnlọ, wọ́n ń béèrè iṣẹ́. Ọkọ mi ju ọmọ odó nù, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin tí ó bá sọ fún yín pé òun kò sá rí, ẹ wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀.

Sísá ló sá tí ó fi já sí Ìlú Ẹ-Gbọ́-Ẹ-Wá. Àwọn ará ibẹ̀ ní etí bí ewé kókò, etí náà ló sì ń darí wọn. Ẹni tó bá pariwo jù ni gbogbo wọn ń sáré lọ bá. Bí àkùkọ bá kọ níhìn-ín, wọn a ya wá. Bí ọmọ odó bá jábọ́ lọ́hùn-ún, wọn a ya lọ. Láàárín ìlú gan-an, ilé kan ń jó. Iná náà kò bú, kò sì ta pàrà, ó kàn ń jẹ òrùlé lọ jẹ́jẹ́ bí ìgbín tí ń jẹ ewé. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ.

"Ilé ń jó o!" Ọdẹ́rìnlọ fi igbe ta. Gbogbo ìlú ru omi wá, gììrì. Wọ́n gbé omi sókè báyìí ni òbúkọ kan ké ní ìpẹ̀kun ọjà. Ni wọ́n bá ru omi náà lọ sọ́dọ̀ òbúkọ, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní.

Ọdẹ́rìnlọ di ọkùnrin kan mú ní agbádá. "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ojú yín fọ́ ni? Ẹ kò rí iná?"

"Àlejò," ọkùnrin náà dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé, "ohun tó bá ṣe pàtàkì á pariwo. Bí ọ̀rọ̀ iná yẹn bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi ké?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọdẹ́rìnlọ láyà bí ẹ̀gún. Ó dàbí ẹni pé ó mọ nǹkan kan, nǹkan kékeré kan tí òun náà kò ké, tí ó wà ní ibì kan... Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Ó ti la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan ké láti ọjà pé, "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rèé o! Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí kì í kan!" Ọdẹ́rìnlọ rántí iṣẹ́ Ìyá Ọlọ́tí, ó sì bá wọn sáré. Ó ń sáré lọ ni ó rí i pé atẹ́gùn ń fẹ́ òun lẹ́bàá ojú. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. Etí náà ti kan èjìká.

"Mo gbé!" ó ní. Ó di etí méjèèjì mú bí ẹni di ìró mú, ó sì gba ẹ̀yìn ìlú sá lọ. Bí ó ti ń jìnnà sí ariwo ni etí náà ń sún kì. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń sùn tì í mọ̀ pé ti òsì kò padà tán.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olùṣọ́-Igbe nígbà tí àárẹ̀ ti mú un. Igi ńlá kan ló wà ní àgbàlá obìnrin náà, àdó wẹ́wẹ́ ló sì so sára ẹ̀ka rẹ̀. Igbe kọ̀ọ̀kan ń dún nínú wọn: igbe ẹni tí ọ̀nà gbé, igbe ìyàwó tí kò sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó, igbe àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ọkùnrin. Ìyá náà ń gbá ilẹ̀. Ó kí ọkọ mi káàbọ̀, ó ní, "Iṣẹ́ wo lo bá wá?"

Ọdẹ́rìnlọ kúnlẹ̀, ó tú àpò. Òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, bí ọmọlúàbí. "Baálẹ̀ wa ní kí n gé ọ̀pá."

"Igi wà lẹ́yìn ilé. Máa gé e."

Igi náà le bí ọ̀rọ̀ àna. Ó fi àdá gé e, àdá ń ta padà. Ó làágùn, ó sinmi, ó tún gé e. Nígbà tí ó gé e dé ààbọ̀, ó gbọ́ ohùn kan láti orí igi àdó, ohùn tín-ín-rín.

"Ìyá, kí ló ń dún bí ẹ̀fọn yẹn?" Ọdẹ́rìnlọ bi í.

"Igbe kan ni," obìnrin náà ní, kò dẹ́kun ilẹ̀ gbígbá. "Nígbà tí o wọlé, bí àgbò ló ń dún. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ igi gígé, ó ń dún bí òròmọdìyẹ. Máa gé igi rẹ lọ, láìpẹ́ kò ní dí ọ lọ́wọ́ mọ́."

"Igbe ta ni?"

"Èmi ni kí n bi ọ́. Ta ló rán ọ wá síbí?"

"Baálẹ̀."

"Baálẹ̀ ló mú ọ kúrò nílé?"

Àdá dúró nínú igi. Ọkọ mi sọ fún mi pé ní ìgbà náà, orí òun dàbí ilé tí ewúrẹ́ ya wọ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Ta ni kí ó bẹ̀rù nínú gbogbo ènìyàn wọ̀nyí? Ṣé Baálẹ̀ tí ó lè lé e nílùú ni? Ṣé Olúọ́dẹ tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni? Ṣé èmi? Ó dára, èmi ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù jù. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú tèmi jáde, ó dá a padà, ó mú ti ẹlòmíràn. Ẹ̀fọn orí igi náà ń kú lọ. Ìgbà tí kò mọ èyí tí ì bá mú mọ́, ó fi ìbínú dojú àpò dé. Gbogbo awẹ́ obì tú sílẹ̀, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ sì bọ́ sórí gbogbo wọn. Ó ti rọ. Ojú ìka kan wà lára rẹ̀, kò tó ẹ̀wà.

Ọdẹ́rìnlọ fi àdá sílẹ̀ nínú igi. "Ẹni tó rán mi nìyí," ó ní. Ó kó àwọn awẹ́ obì yòókù padà sínú àpò.

Ìyá náà já àdó tó kéré jù lọ, ó ní, "Ẹnu nìkan ló ń gbé igbe. Fi há ẹnu lọ. Bí o bá la ẹnu fún ẹnikẹ́ni lọ́nà, ìbáà ṣe láti kí i tàbí láti bú u, tìẹ ni igbe náà yóò di, wàá sì máa ké bí ọmọ tuntun títí wàá fi kú." Ó da igbe náà sí i lẹ́nu. Ó gbóná bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, ó ń hó bí oyin nínú ahá.

Ẹ wá wo ọkọ mi tí kì í lè dákẹ́ nídìí ẹmu, tí í máa sọ̀rọ̀ lójú oorun, tí ó di ẹnu pọ̀ bí àpò tí a fi okùn so! Ó gba Ìlú Ẹ-Gbọ́-Ẹ-Wá kọjá, nítorí pé kò pariwo, ẹnì kankan kò rí i. Ilé tó ń jó ti di eérú. Ìyá arúgbó náà ṣì jókòó níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè sí i. Ọdẹ́rìnlọ kò lè kí i. Ó ní títí di òní, òun kò mọ̀ bóyá kíkí ló ń kí òun tàbí ó ń pe òun.

Ọlọ́wọ́-Yanturu di í mú. Gbogbo ọwọ́ ló fi dì í, ní apá, ní itan, ní ibi tí n kò ní dárúkọ níwájú ọmọdé. "Ọdẹ, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i! Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?" Igbe ń jó ahọ́n Ọdẹ́rìnlọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè dúró, ni ó bá gba ọmọ odó lọ́wọ́ kan nínú àwọn ọwọ́ náà, ó ki iṣu tútù bọ̀ ọ́, ó sì ti ọwọ́ náà sí iwin lẹ́nu. Iwin jẹ ẹ́. Ó tún bù jẹ. Àwọn ọwọ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹní bọ́, okùn bọ́, kódà èyí tí ń lé eṣinṣin dúró. Ọkọ mi kò dúró gba ọpẹ́.

Àwọn ará ìlú ti tò sí ojú ọ̀nà láti kí i, bí wọ́n ṣe bí wọn. Baálẹ̀ ló wà níwájú, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọdẹ tó bá ti oko ọdẹ dé gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ jíṣẹ́. Ọdẹ́rìnlọ kọjá lára Baálẹ̀. Ó kọjá lára Olúọ́dẹ.

"Ó ti ya wèrè!" Olúọ́dẹ kígbe. "Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára kùkùté!"

Èmi dúró sí ẹnu yàrá, mo na ọwọ́, bí òmùgọ̀ tí mo jẹ́. "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, aṣáà mi ńkọ́?" Ó fi èjìká kàn mí, mo sì fi ìdí jókòó gbà-ǹ-gà sínú agbada ògì tí mo ń sẹ́ lọ́wọ́. Inú ògì yẹn ni mo wà tí mo fi rí i tí ó fi ẹnu lé ẹnu ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ọmọ náà ké.

Ha! Mo ti gbọ́ igbe rí, mo ti ké e rí, ṣùgbọ́n kò sí irú èyí. Àwọn adìẹ fò kúrò lórí ìtẹ́. Ọdẹ́bùnmi gbé ọmú sí i lẹ́nu, ọmọ náà gbá a mú bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, ògì ń kán lára mi.

Àwọn àgbà wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sì wọlé bí wọ́n ṣe bí wọn. Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tú awẹ́ obì wọn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ.

"Ìgbà wo ni ọmọ àná ń ṣáájú wa?" Olúọ́dẹ béèrè. "Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, ṣebí ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù?"

"Iná wo ló ń jó ìwọ?" Ìyá agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Iná erin tí o tàsé rẹ̀ nígbà èwe? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Wọ́n jà sí i títí, kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn bí a ó ṣe máa to obì láti ọjọ́ náà lọ. Ìyá Ọlọ́tí ní kí a máa fi ẹni tó ń ṣàìsàn ṣáájú. Ẹnì kan ní gbogbo ènìyàn ni yóò ṣàìsàn nígbà náà. Nígbẹ̀yìn, olúkúlùkù mú awẹ́ obì tirẹ̀, ó sì lọ ilé, àfi Baálẹ̀ tí ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ọ̀pá mi ńkọ́, Ọdẹ́rìnlọ?"

"Baba, mo gé e dé ààbọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dáríjì mí. Mo rò pé ọ̀pá ẹ̀yẹ ni."

Baálẹ̀ fẹ́ dìde. Kò lè dìde. Ọdẹ́rìnlọ sáré gbá a mú, a sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ agbádá, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

"Láti àkọ́rọ̀ òjò ni wọ́n ti ń kú lọ," ó ní. "Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ." Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó wo ọmọ tí ń mu ọmú, ó wo awẹ́ obì gbígbẹ tó wà ní ọwọ́ kejì. "Ọmọ ti rí igbe tirẹ̀ gbà. Àgbà tí kò lè ké ńkọ́, Ọdẹ́rìnlọ? Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé tirẹ̀ ló kàn?"